Àdìrẹ tí mo fẹ́ràn ti di ẹrù sí mi lọ́kàn: kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń fi ọwọ́ ara wa ṣiṣẹ́ jẹun, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ajé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́ tí mo sì pa á rẹ́, nítorí pé ó jọ ìwà aláìmoore lójú mi kí ẹni tí ó rí iṣẹ́ ṣe tún máa ráhùn nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá iṣẹ́ kiri.

Àdìrẹ ni mo ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ ní 2017 pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́rù márùn-ún, ìkòkò ìda kan àti ìyẹ́ tí mo fà lára adìyẹ ìyá mi. Nígbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ohun tí mo fẹ́ yà ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo ya ewé kókò, mo ya ẹja àrọ̀, mo ya àwọn òrùlé tí a máa ń rí láti orí Òkúta Olúmọ, pẹ̀lú páànù wọn tí ó ti dípẹtà. Àwọn ènìyàn rí i, wọ́n rà á, òkìkí rẹ̀ sì kàn débi tí mo fi kúrò ní ẹ̀yìnkùlé ìyá mi lọ gba ìsọ̀.

Ní báyìí, aṣọ ẹbí nìkan ni mo ń ṣe. Oníbàárà á fi àwòrán aṣọ tí ẹlòmíràn ṣe ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, á ní òun ń fẹ́ ọgọ́fà ọ̀pá tí ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ó sì délẹ̀ ṣáájú Sátidé. Màá gé fóòmù, màá rì í bọ inú ìda gbígbóná, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, màá gbé e, màá tún rì í, títí ọrùn ọwọ́ mi yóò fi kú tipiri. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí n kò ti ya àrà tuntun kankan. Ìyẹ́ adìyẹ wọ̀nyẹn ṣì wà nínú ife tí mo fi wọ́n sí, ẹ̀kọ làfún tí mo fi ń ya aṣọ ti gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, mo ba ọgọ́ta ọ̀pá jẹ́. Oorun ń kùn mí, mo da sódà púpọ̀ jù sínú aró, nígbà tí mo sì fi máa yọ aṣọ, ó ti jó, ó ń fà ya bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Mo ra tẹ́rù mìíràn, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní òru mẹ́ta, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní n kò sọ fún àwọn ìyá tí ìsọ̀ wa kángun sí ara wọn, tí wọn ì bá ràn mí lọ́wọ́. Ojú ni ó tì mí.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó mú mi kọ̀wé lónìí yàtọ̀ sí ti aṣọ. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, tí a jọ ka ìwé mẹ́fà, tí ìyá rẹ̀ máa ń bu ẹ̀kọ fún mi kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, pè mí pé ìyá òun ti kú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹkún tó dé ojú mi, iye ọ̀pá aṣọ tí wọn yóò nílò fún ìsìnkú ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo gbé fóònù sílẹ̀, ara mi sì ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi máa ń ṣàdédé lù kìkì bí fóònù bá dún, n kì í sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ, n kò sì tí ì lè lọ kí ọ̀rẹ́ mi yìí lójúkojú.

Ìbéèrè mi ni pé: ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu òwò ju èmi lọ, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é tí iṣẹ́ ọwọ́ yín kò fi jẹ ọkàn yín, tí ènìyàn kò sì di owó lójú yín? Ṣé kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni?

---

Ìyá Aláró, Ìtòkú

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ọmọ ọmọ mi ni ó ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ó ti ń jáde. Mo ka ohun tí o kọ lórí ọ̀rọ̀ ìyá ọ̀rẹ́ rẹ, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kú kì í gbọ̀n nítorí irú èrò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí-ọkàn rẹ ni ó mì ọ́ nì. Má ṣe fi ṣe ìjìyà fún ara rẹ.

Ìdí tí iṣẹ́ náà fi wúwo báyìí kò ṣòro fún mi láti rí. Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ìwọ nìkan ń ṣe. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, aládìrẹ yàtọ̀, aláró yàtọ̀. Aládìrẹ ni ó ń fi ẹ̀kọ ya aṣọ tàbí tí ó ń fi ìko dì í. Aláró ni ó ń rẹ ẹ́. Ẹni tí ó ń tà á lọ́jà lè jẹ́ ẹlòmíràn pátápátá, àwọn ọkùnrin sì wà tí wọ́n ń gé páànù tí a fi ń tẹ àrà sára aṣọ. Bí aṣọ kan bá délé ìyàwó, ọwọ́ púpọ̀ ni ó ti kàn án. Kò sí ẹni tí ó ní kí aládìrẹ wá máa ro ti eérú, kò sì sí ẹni tí ó ní kí aláró ronú àrà.

Ti aró gan-an kò gba ìkánjú. A ó gún ewé ẹlú, a ó ṣù ú, a ó sá a gbẹ. A ó kó eérú sínú ìkòkò òkè tí ìdí rẹ̀ lu, a ó da omi sí i, omi eérú náà á sì máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ tó, tó, tó. Omi yẹn ni a ó fi rẹ ẹlú fún ọjọ́ mélòó kan kí aró tó ṣetán. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ń dúró dè é, a máa ń sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe é níkà á sọ ọ́, ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ á sọ ọ́. Bí ìkòkò kan bá kọ̀ tí kò ṣe dáadáa, ẹni tí ó ni ín á ké sí àwọn yòókù, wọn á wá gbóòórùn rẹ̀, wọn á tọ́ ọ wò lẹ́nu, wọn á sọ ohun tí ó kù síbẹ̀. A máa ń bẹ Ìyá Màpó pẹ̀lú, ẹni tí àwọn ìyá wa gbà pé òun ni ó ni iṣẹ́ obìnrin. Ojú kì í ti ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò sí aláró tí ìkòkò kò kọ̀ fún rí.

Sódà tí ẹ ń lò lónìí yá ju omi eérú lọ, n kò sì bá yín jà nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sódà yìí náà ti dá rògbòdìyàn sílẹ̀ rí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè é pẹ̀lú aró òyìnbó, wọ́n ní ó ń ba orúkọ aṣọ Abẹ́òkúta jẹ́. Ìyá ìyá mi wà lára àwọn tí òfin náà bá lẹ́nu iṣẹ́, òun ni ó sì sọ fún mi pé àwọn aláró jọ dìde ni, wọ́n jọ gbé ẹjọ́ wọn lọ síwájú ìjọba, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó dá sunkún nínú yàrá rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí sódà bá dín iye ọjọ́ tí aró ń gbà kù, ó dín àkókò tí a fi ń jókòó ti ara wa kù pẹ̀lú.

Ìwọ mú iṣẹ́ yíyà, kí o sì gbé rírẹ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rẹ. Owó tí yóò kù fún ọ lórí ọ̀pá kan á dínkù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wàá rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

---

Káfíńtà Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Mo júbà fún Ìyá wa. Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà. Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá sọ, àyàfi apá kan tí mo fẹ́ fi ìrírí ara mi tako pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àga àti ibùsùn ni mò ń kàn. Èmi náà dé ibi tí ẹ wà yìí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ènìyàn sì gbà mí níyànjú pé kí n wá alábàáṣiṣẹ́. Mo mú ọ̀rẹ́ mi kan wọlé, a kò kọ àdéhùn kankan sílẹ̀, kí ọdún tó yípo a kò kí ara wa mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó pín iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ iye tí ẹ ó san, ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀ àti ẹni tí yóò gba àdánù bí aṣọ bá bàjẹ́ sílẹ̀. Ìfẹ́ máa ń pẹ́ níbi tí ìṣirò bá gbé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan tí ẹ kò mẹ́nu bà. Nígbà tí oníbàárà tuntun bá san àsansílẹ̀, ṣé iṣẹ́ tirẹ̀ ni ẹ fi owó náà ṣe, àbí iṣẹ́ oníbàárà àtijọ́ ni ẹ fi ń parí? Mo béèrè nítorí pé ibẹ̀ ni oorun tèmi gbé lọ. Àsansílẹ̀ ẹni tí ó fẹ́ ibùsùn ni mo fi ń ra pákó ẹni tí ó fẹ́ àga, àsansílẹ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ni mo sì fi ń ra pákó ibùsùn. N kò lè kọ iṣẹ́ kankan, bí ó ti wù kí ó burú tó, nítorí pé ọjọ́ tí mo bá kọ iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ máa wó. Ẹni tí ó wà nínú irú àyíká bẹ́ẹ̀ kò lè ronú àrà láéláé, torí ìbẹ̀rù ti gba gbogbo àyè tí èrò ì bá wà.

Bí mo ṣe jáde rèé. Mo wà nínú ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kan. Mo yá owó níbẹ̀, mo fi parí gbogbo iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀, mo sì fi oṣù méjì gbáko kọ iṣẹ́ tuntun. Oṣù méjì náà nira, a jẹ ẹ̀bà ní ìlọ́po ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ya àpótí owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, mo sì fi kún iye tí mò ń gbà. Ìdajì àwọn oníbàárà lọ. Àwọn tí ó kù ni ó ń bọ́ mi títí di òní.

Nípa ti àrà, ọpọ́n ayò ni mo máa ń gbẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ní ọ̀gbẹlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. N kì í tà á. Bí mo bá gbé ọ̀bẹ lé igi náà, tí mo rí bí ó ṣe ń yọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo máa ń rántí ìdí tí mo fi bẹ bàbá mi kí ó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ yìí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

---

Ìyá Aláró, Ìtòkú

Káfíńtà, o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ wúlò. Àwa kì í kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tiwa nítorí pé ẹgbẹ́ wà tí ó ń parí ìjà. Níbi tí kò bá ti sí ẹgbẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

---

Nọ́ọ̀sì Adé, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n mi aládìrẹ, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ń ṣe ìtọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàárẹ̀. N kò lè yẹ̀ yín wò láti ibí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a fi gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ òwò kí a sì gbójú fo ara yín.

Ohun méjì ni ó lè máa ṣẹlẹ̀, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí iṣẹ́ ti gbé okun inú ènìyàn tán. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé wàhálà iṣẹ́ tí a kò rí ojútùú sí fún ìgbà pípẹ́ ni ó ń fa irú rẹ̀, wọn kò sì kà á sí àrùn: okun á tán, iṣẹ́ á sú ènìyàn, ohun tí ó ń ṣe kò sì ní í dára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá yí bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, ó máa ń fúyẹ́. Èkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí tí ó jẹ́ àìsàn bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. Bí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí inú yín kì í dùn lójoojúmọ́, tí ohunkóhun kò wù yín mọ́, ì báà jẹ́ oúnjẹ tàbí eré ọmọ, tí oorun kò sì wá, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí iṣẹ́ yóò dínkù. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá sì di pé èrò láti pa ara yín lára wá, kódà bí ó ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ fún ẹnì kan kí ó sì tẹ̀ lé yín lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru náà, nítorí ọkàn tí ń lù kìkì. Ẹ má sì ṣe máa pò háídírọ́ọ̀sì, kẹ́míkà tí ẹ fi ń rẹ aṣọ, àti sódà nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ Arò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta níbí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú wa ni ó yẹ kí ó máa fi í yangàn. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká ṣe àdéhùn kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú ilé àwọn ará abúlé, kí ẹbí wọn kan máa wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì máa bá àwọn ènìyàn ṣe oko. Àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè wá wo bí ó ṣe ń ṣe é. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé Lambo kò fi àwùjọ rọ́pò oògùn, kò sì fi oògùn rọ́pò àwùjọ. Ẹ gba ìmọ̀ràn Ìyá, ẹ gba ti Káfíńtà, kí ẹ sì tún lọ rí dókítà.

Ẹ lọ kí ọ̀rẹ́ yín. Mo bẹ̀ yín.

---

Àbẹ̀kẹ́, London

Oníbàárà ni èmi ní tèmi, mo sì fẹ́ tọrọ àforíjì lórúkọ irú wa. Àwa tí a wà ní ìlú òyìnbó ni a máa ń kọ̀wé ní òru, tí a ó sì tún béèrè ní àárọ̀ pé kí ló dé tí a kò rí èsì. Mo ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí aládìrẹ kan rí, mo ní kí ó ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó rọra bi mí pé, "Ṣé ẹ ó jẹ́ kí n ya tiyín?" Mo gbà. Ó béèrè orúkọ ìlú ìyá mi, ó béèrè ohun tí ìyá mi máa ń tà. Aṣọ tí ó ṣe fún mi wà lára ògiri mi ní Peckham, àwọn ọmọ mi sì mọ ìtàn rẹ̀. Mo san owó ju ti àwòrán lọ, n kò sì kábàámọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín kí ẹ tó gbà pé ẹ̀dà nìkan ni wọ́n ń fẹ́.

---

Ọmọ Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín ní àkàtúnkà, mo sì rò pé ó yẹ kí n jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí nǹkan dé.

Káfíńtà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ ṣe rí i. Mo jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò, mo rí i pé oníbàárà mẹ́rin ni mo jẹ ní aṣọ tí mo ti ná owó rẹ̀. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan bínú, ó gba owó rẹ̀ padà, mo sì ní láti kó àjọ mi kí n tó lè san án. Àwọn mẹ́ta yòókù gbà láti dúró. Mo ti lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ ríru mi ga díẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ọjọ́ tí màá padà lọ jókòó bá ẹni tí ó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn sọ̀rọ̀. Oorun kò tí ì padà tán.

Mo lọ sí ilé ọ̀rẹ́ mi ní ọjọ́ Àìkú. N kò gbé aṣọ kankan dání, mo pa fóònù. Mo sọ ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí ó pè mí fún un, nítorí pé n kò lè jókòó sínú ilé ìyá rẹ̀ kí n sì tún fi í pamọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun náà, níbi tí wọ́n ti ń gbé ìyá òun kúrò nílé, owó mọ́ṣúárì ni òun ń ṣírò. A sunkún, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ẹrù ìyá. Igbá tí wọ́n fi ń kiri ẹ̀kọ ṣì wà níbẹ̀, ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ sì wà nínú rẹ̀, wọ́n ti gbẹ, wọ́n ká kò bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Mo mú ọ̀kan lọ sílé.

Ewé yẹn ni mo fẹ́ yà, ẹ̀kọ làfún ni mo sì fẹ́ fi yà á, kì í ṣe ìda. Ìyá, mo ti rí ẹni tí yóò bá mi rẹ ẹ́ nínú ẹlú, ìsọ̀ kẹta sí tèmi ni ó wà, láti ọjọ́ tí mo ti dé ibẹ̀ n kò béèrè orúkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ro ẹ̀kọ àdìrẹ gbẹ̀yìn, ti àná sán lójú aṣọ kí ó tó gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, álọ́ọ̀mù tí a ń fi sí i, ṣé kí ó tó hó ni àbí lẹ́yìn tí a bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀?